Ìjà Méje Tí Mo Kà fún Wọn ní Port Harcourt

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé owó ń ṣàn ní Port Harcourt, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ohun gbogbo. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ojú Bọ́sẹ̀. Ẹ óò wò ó fìrí, ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn ìjọ wa wá ní kí n kọ bí ìrìn-àjò náà ṣe rí, mo ní ó dáa. N ó sọ ti ìlú, n ó sọ ti oúnjẹ, ṣùgbọ́n nítorí ojú yẹn ni mo ṣe gbé bírò.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wá ṣí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjà kékeré kan lẹ́yìn ilé ìlọta tó ti dẹnu kọlẹ̀. Bọ́sẹ̀ ni àkọ́bí àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìjà láti kékeré. MMA ni wọ́n ń pe irú ìjà tó ń jà: wọ́n á ti ènìyàn méjì mọ́ inú àgò onírin, ẹ̀ṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ìpá ń bẹ níbẹ̀, gbígbé ara ẹni ṣánlẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní Port Harcourt ní àtẹ kan tí wọ́n ń to orúkọ àwọn obìnrin sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n jà jù lọ. Orúkọ Bọ́sẹ̀ ni ìkẹta. Bó bá borí lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò jà fún bẹ́líìtì, àwọn tó bá sì gba bẹ́líìtì ni wọ́n ń mú lọ jà nílẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn la bá lọ.

Ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúdú

Òjò ló kí wa káàbọ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò bínú tí kò sì fẹ́ dá. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ sí ní àdúgbò D-Line, mo fi ìka kan etí fèrèsé, ìka mi sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé wọn kì í nu ilé ni. Obìnrin tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín.

"Daddy, na soot. We dey clean am every morning, e dey come back. Even your nose, check am for evening."

Nírọ̀lẹ́ mo fi áńkáṣíìfù yẹ imú mi wò, òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáná epo rọ̀bì nínú igbó ni èéfín náà ti ń wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, mo rí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun báláú tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn yìí ju tiwa lọ.

Àjèjì ni mí níbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Mo kàn ní kí oníkẹ̀kẹ́ márúwá kan rọra sáré ni, ó yíjú wẹ̀yìn: "Oga, you be ngbati people?" Bí wọ́n ṣe ń fi èdè wa ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Mo fi gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ dá a lóhùn títí ó fi dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀. "Daddy, how far" ni wọ́n fi ń kí àgbàlagbà. Inú bí mi fún odidi ọjọ́ kan. Mo ń sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ó dára tí a tọ́ ọ dáadáa, pé ọmọ tí a kọ́ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ní ọjọ́ kejì ni ìlú náà tẹ́ mi. A ṣìnà nínú ọjà Mile One, òjò sì ń lù wá. Obìnrin kan tó ń ta edé gbìgbẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀rá bo orí, ó sì sìn wá la ẹrẹ̀ kọjá títí dé ibi tí a ń lọ. Kò kí mi bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Nígbà tí mo dúpẹ́, ó ní, "Na wetin? No be road I show you?" ó sì pẹ̀yìn dà. Mo dúró síbẹ̀, ojú tì mí díẹ̀.

Nípa ti oúnjẹ, òtítọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Bọ̀ọ̀lì tí àwa ń fi ẹ̀pà jẹ, ẹja sísun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ata tí wọ́n fi epo pupa pò tí wọ́n sì já ewé sí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá títì, mo jẹ ẹ́ títí òógùn fi bo iwájú orí mi. Bọ́sẹ̀ kò lè jẹ níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dín kílò mẹ́ta kù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni omi pàápàá, ó ń mu ún bí ẹni ń mu àgbo. Ó jókòó tì mí, ó ń tu itọ́ sínú ìgò kí ara lè fúyẹ́.

"Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, Bàbá Kóòṣì," ló sọ. "Lẹ́yìn ìjà, èmi náà á jẹ tèmi."

Mo ní kí wọ́n fi ata kún un.

Orúkọ márùn-ún lára ògiri

Wálé ni alárinà ìjà níbẹ̀. Òun ló ń pinnu ẹni tí yóò bá ẹni jà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Diobu, láàrin Port Harcourt, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ dà bí àkàrà tí wọ́n fi òkúta díẹ̀ lọ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta táìlì. Bí a ṣe wọlé, ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. N kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé. Inú mi dùn débi pé mo ki orílẹ̀ Ọ̀yọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Àtẹ náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ márùn-ún péré. Ó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹni tó wà lókè kì í fẹ́ bá ẹni ìsàlẹ̀ jà, torí bó borí, kò rí nǹkan kan jẹ. Bó bá pàdánù, ó di yẹ̀yẹ́. Ẹni ìsàlẹ̀ ló máa ń sáré. Ẹni tí kò bá jà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé ẹni méjì tó bá wọ inú àgò tó ara wọn í gbá mú. Ó ní bí òun bá ṣi èèyàn dì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á wà lọ́rùn òun.

Ṣùgbọ́n níbo ló ti ń rí ohun tó ń kọ sórí àtẹ? Lẹ́nu àwa kóòṣì ni. Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ló pè mí lórí fóònù, ó bi mí pé ìjà mélòó ni ọmọ mi ti jà. Mo ní méje, ó sì borí nínú mẹ́fà.

Mẹ́ta ni. Ìjà mẹ́rin tó kù, inú ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tèmi ni wọ́n ti jà á, pẹ̀lú akoto lórí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá jà, èmi fúnra mi ni rẹfirí, èmi náà ni mo sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Nígbà yẹn kò dà bí irọ́ létí ara mi. Ta ni yóò ta ọjà rẹ̀ tí yóò ní ó ti bàjẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọmọ náà mọ ìjà jà, mo sì rò pé méje yóò kàn bá a ṣílẹ̀kùn ni.

Ọmọbìnrin kan láti Warri tó wà ní ipò karùn-ún ni wọ́n ti sọ pé Bọ́sẹ̀ yóò bá jà. Wálé jókòó, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Dádì, ẹ má bínú. Babe Warri yẹn, orúnkún ẹ̀ ti kọṣẹ́ last week. Ẹni kan ṣoṣo tó wà free ni Blessing, ọmọ Alesa, number two. Ó ti ja méjìlá. That girl na fire, I no go lie for you. Bí Sister bá borí ẹ̀, straight to belt." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Àmọ́ mi ò lè gbé ẹni tí kò bá tíì ja márùn-ún síwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ṣé méje yẹn dájú?"

Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. Bí mo bá ní "Wálé, ọmọ mi, jẹ́ kí n tún un kà," a óò padà sílé, a óò sì wá ìjà mìíràn lọ́jọ́ mìíràn. Mo wo ògiri. Láti ìkẹta dé ìkejì kò tó gígùn ìka.

"Méje ni," ni mo wí.

Wálé yíjú sí Bọ́sẹ̀. "Sister, bẹ́ẹ̀ ni?"

Bọ́sẹ̀ gbé orí sókè, ó wò mí. N kò ní gbàgbé ìwò náà. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ó kàn ń wò bóyá n ó tún ọ̀rọ̀ mi sọ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe tọ́ wọn nílé wa, ọmọ kì í sọ lójú àlejò pé irọ́ ni àgbà pa. Ó tẹ orí ba.

"Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ ni, sà."

"Àgbàlagbà ti sọ̀rọ̀," ni Wálé wí. Ó ní àwọn kóòṣì tó kù, fídíò ìjà lòun máa ń gbà lọ́wọ́ wọn. "But how I go look your face, Daddy, say make you bring video? Bàbá mi kò bá ti nà mí jáde nílé nígbà yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ kó wá sí Diobu láti Ọ̀yọ́, ìyẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ ọmọ náà, orí mi ló sì wá ná an sí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, Bọ́sẹ̀ yíjú sí mi nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé D-Line. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀: "Bàbá Kóòṣì, ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe é?"

Mo ní, "Ṣé n ó gbé ọ wá síbí bí n kò bá rò bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Inú àgò

Ọ̀sán ni ìjà náà, nínú gbọ̀ngàn kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní igun kan. Wọ́n gbé korobá síbẹ̀ kó máa gba omi. Blessing kò ga, kì í pariwo bí àwọn tó kù. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ìyá rẹ̀, ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí fún àdúrà, lẹ́yìn náà ó wọ inú àgò bí ẹni tó fẹ́ lọ gbá ilé.

Ní abala kìíní, Bọ́sẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń ké "Ngbati! Ngbati!", kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fò sókè bí ọmọdé. Mo rò ó lọ́kàn pé méje náà ti fẹ́ di òtítọ́.

Ní abala kejì, Blessing ti ka gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀ tán. Ó jẹ́ kó súnmọ́ òun, ó gbé e lulẹ̀, ó jókòó lé e ní àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lójú. Ẹni tó ti ja méje lóòótọ́ á ti mọ bí a ṣe ń jáde lábẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. N kò tíì kọ́ ọ dé ibẹ̀. Agogo ló gbà á sílẹ̀.

Ó padà wá bá mi ní igun, ojú òsì rẹ̀ ti wú dí. Aṣọ ìnura funfun wà léjìká mi. Tí kóòṣì bá ti ju aṣọ náà sínú àgò, ìjà parí nìyẹn.

"Ṣé o ń ríran?"

"Mo ń ríran, sà."

"Ṣé o lè máa bá a lọ?"

"Bí ẹ bá ní kí n máa bá a lọ, sà."

Dókítà ìjà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan náà ní gẹ̀ẹ́sì. Kó tó dáhùn, ojú mi ló wò, ó wá ní "Yes." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa la máa ń wí bẹ́ẹ̀. Mo wà lọ́jà. Mo ń wo orí ọmọ náà bó ṣe ń wọ́, mo sì ń ronú nípa ògiri Wálé, pé bí mo bá ju aṣọ yìí sílẹ̀, wọn óò béèrè irú méje wo lèyí.

Mo ní, "Lọ, ọmọ mi."

Kò tó ìṣẹ́jú kan nínú abala kẹta tí rẹfirí fi dá ìjà náà dúró. Aṣọ ìnura náà ṣì wà léjìká mi.

Ìyá Blessing

Ní ọsibítù, dókítà sọ pé awọ inú ojú òsì ti ya. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìfi òyìnbó bò ó, pé ojú náà kò ní ríran mọ́, àti pé kó má ṣe jà mọ́ láyé. Mo bi í bóyá ó dájú. Ó ní ó dájú. Mo jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀, mo sunkún níṣojú àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ fún mi ní omi inú ọ̀rá.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá Blessing wọlé láti Alesa, ìlú wọn, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù bí ẹni tó wọ ilé onílé.

"Oga, good afternoon. Na me be Blessing mama. I cook fish pepper soup for am. Pepper no plenty."

Ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì ń fi ṣíbí bù ú sí Bọ́sẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ egungun ẹja sọ́tọ̀ fún un. Oúnjẹ Port Harcourt àkọ́kọ́ tí ọmọ náà tọ́ wò nìyẹn. Bí ó ṣe ń fún un jẹ ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

"My own pikin never chop well since that day. She just dey cry. Oga, make I tell you true. When Wale call say your daughter don fight seven, win six, fear catch us. Blessing begin wake four o'clock dey run. Me, I tell am: this one strong, if you pity am small, she go finish you. Na my mouth I take talk am." Ó fi etí ìró nu ojú. "If to say na small pikin for the work, we for no gree. Blessing no dey fight small pikin."

Nǹkan tí n kò rò rí nìyẹn. Mo rò pé iye tí mo sọ yóò gbé Bọ́sẹ̀ sókè ni. N kò mọ̀ pé yóò dé Alesa ṣáájú wa, pé yóò máa jí ọmọ ọlọ́mọ ní kùtùkùtù, yóò sì máa kọ́ ọ pé kó má ṣàánú.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́ fún un. Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń fi ojú kan wò mí, ó tún ń dúró. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Thank you, madam. God bless you."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Bọ́sẹ̀ na kúlà sí mi. "Ọbẹ̀ yẹn dùn, Bàbá Kóòṣì. Ẹ tọ́ ọ wò." Mo dé kúlà náà, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn.

Ilé

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ wálé, mo yan àga tó wà ní apá òsì rẹ̀. Mo sọ fún un pé kí oòrùn má baà pa á ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ní apá yẹn, kò lè rí mi bí kò bá yí gbogbo ọrùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà náà ni mo fi wo igi.

Àbúrò mi ti se ọbẹ̀ dè wá. Nígbà tó rí ojú ọmọ rẹ̀, kò ké. Ó fi ọwọ́ kan báńdéèjì náà, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Bọ́sẹ̀ ló dáhùn kí n tó mí. "Màámi, ẹni tí mo bá jà ló lágbára jù mí lọ. Bàbá Kóòṣì sa gbogbo ipá wọn."

Àbúrò mi kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní Ọlọ́run yóò dúró tì mí bí mo ṣe dúró ti ọmọ òun nílẹ̀ àjèjì. Mo ní àmín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Wálé pè mí pé òfin ti dé, pé òun ti pa orúkọ Sister rẹ́ lórí àtẹ. Ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. "Dádì, na my fault. Ó yẹ kí n ti fi ẹni kékeré kan dán an wò kọ́kọ́." Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ wò ó, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló ti bá mi ru díẹ̀ nínú rẹ̀: alárinà ní òun ló jẹ̀bi, ìyá Blessing ní ẹnu òun ni, Bọ́sẹ̀ ní agbára òun ni kò tó. Èmi nìkan ni ọwọ́ mi ṣófo.

Mo ti wá kọ ọ́ báyìí. Mẹ́ta ni, kì í ṣe méje, láti ẹnu mi ló sì ti jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ìjọ ni yóò kà á, bó bá sì jẹ́ pé ẹ kò ní kí mi mọ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ jù lọ kò mọ̀wé kà. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ rẹ̀ ló máa ń jókòó tì í, tí yóò ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú kan tó ṣẹ́ kù ló fi ń kà á nísinsìnyí. Yóò ka ti òjò fún un, yóò ka ti bọ̀ọ̀lì àti ẹja, wọn óò sì jọ rẹ́rìn-ín. Bó bá wá dé ibi tí mo ti purọ́, mo mọ irú ọmọ tí a tọ́. Yóò fò ó.